Àǹtí Mi Tó Ń Gbé Ẹyin Sóòrùn

Bí mo bá ti rí ẹni tó gbé ẹyin sókè síhà oòrùn, àǹtí mi ni mo máa ń rántí. Ọ̀dọ̀ wọn ní Bódìjà ni mo gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Bí ẹlẹ́yin bá ní gbogbo ẹyin òun ló dáa, wọ́n á ní, "Kí lo fi mọ̀?" Wọ́n á sì gbé e sóòrùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí èyí tó ti bàjẹ́ nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún dókítà lójú mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ kókó jẹjẹrẹ kúrò lọ́mú wọn. Dókítà ní àwọn tètè rí i, àwọn sì yọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì gba abẹ́rẹ́ líle tó ń mú irun re.

"Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tán, kí ni abẹ́rẹ́ wà fún?"

"Ó máa ń padà sára àwọn kan, mà. Kì í padà sára àwọn mìíràn."

"Èwo ni tèmi?"

"A ò ní ohun tá a lè fi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fún gbogbo yín."

Àǹtí wò mí. Kò yé èmi náà.

Wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà. Irun re, ara gbẹ, wọ́n sì yè é. "Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló wò mí sàn, àbí mo ti sàn kí n tó gbà á?" Wọ́n bi mí títí.

Lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́yin dé. Àǹtí gbé ẹyin kan sóòrùn, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn pẹ́ títí.

"Ṣé kò dáa ni, mà?"

"Ó dáa. Èmi ni àwọn dókítà ò rí gbé sóòrùn wò."