Ìbéèrè Bàbá Ràṣídì lórí Tapólì

Mo dójú ti àgbàlagbà kan lónìí nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ dáa ju àlàyé mi lọ.

Bàbá Ràṣídì tó ń rán tapólì, aṣọ ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà, ní Malu Road ní ká bá òun na ọ̀kan, kí òun lè rí ibi tó ti ya. Èmi àti àwọn awakọ̀ mélòó kan di etí tapólì náà mú, a nà án sókè. Ni ìwé tí mo ń kà nípa oòrùn àti ìràwọ̀ bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n gbé irin ńlá kan sáàárín, tapólì sì tẹ̀ sísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo yí ọsàn kan sí i, ó sì ń yí irin náà po.

"Irin yìí ni oòrùn, ọsàn ni ayé. Bí oòrùn ṣe ń tẹ òfuurufú nìyẹn, òun ló jẹ́ kí ayé máa yí i po. Àkókò pàápàá máa ń lọ́ra nítòsí rẹ̀."

Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́. "Prọfẹ́sọ̀!"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, kí ló wá ń fa irin náà lọ sísàlẹ̀?"

Mo dáhùn pé, "Bàbá, abẹ́rẹ́ lẹ mọ̀. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún wa."

Ẹ̀rín sọ. Awakọ̀ kan kígbe pé, "Baba, dem don finish you o!"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni," Bàbá fèsì, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ èsì náà o. Ìwé yẹn sọ ọ́: àpèjúwe aṣọ yìí nílò òòfà ilẹ̀ tó ń fa irin sísàlẹ̀ kó tó lè ṣàlàyé òòfà oòrùn. Kò sí ìsàlẹ̀ kankan tí oòrùn ń rì sí; gbogbo àyíká rẹ̀ ló tẹ̀. Bàbá rí àbùkù náà lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo ti kà á fi í pamọ́ nítorí àtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ó ń ṣe mí bíi kí n pè é sẹ́yìn tírélà, ká parí ẹ̀ láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó rẹ́rìn-ín ò ní gbọ́. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, àbí mo tún ń fara pamọ́?