Ìwé Ogun Tí Mo Kà fún Bàbá Kan ní Glenn Dale

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, mo háyà yàrá kan ní Capitol Heights, iṣẹ́ tí mo sì rí ni kí n máa tọ́jú bàbá arúgbó kan ní Glenn Dale. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Suitland, ojú wọn kò sì ríran kàwé mọ́.

Tí mo bá ti wẹ̀ fún wọn tán, tí wọ́n sì jẹun, wọ́n á ní kí n ka ìwé fún wọn. Ìtàn àwọn ọmọ ogun Róòmù ti ìlà-oòrùn ni, àwọn tó fi Kọnsitantinópù ṣe olú-ìlú.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, “cavalry”, Kálífárì ni mo ń pè é, òkè tí wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá fọwọ́ kàn mí lápá.

“Ọmọ mi, wọn ò kan ẹnikẹ́ni mọ́gi níbí. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè é díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bí àwọn baba ńlá tèmi ṣe ń jagun. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, síbẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan. Mo pe bàbá mi nílé. Inú wọn kò dùn sí iṣẹ́ mi látẹ̀yìnwá, pé mo jáde yunifásítì tán, mo wá ń wẹ̀ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ ogun, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn ló ń bẹ̀rù ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, pé òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, àmọ́ tí wọ́n bá wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin ibẹ̀ á jẹ ẹṣin pa.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá. Wọ́n ní kí n pe bàbá mi kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù sáàárín, mo ń ṣe ògbufọ̀. Àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ odi ìlú àti oúnjẹ ẹṣin fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi sọ pé:

“Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé mo rí i pé ọmọ mi bọ́ sọ́wọ́ rere.”

Ẹkún ni mo fi túmọ̀ ìyẹn fún bàbá.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Bàbá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Tí bàbá mi bá pè láti Ọ̀yọ́, àlàáfíà bàbá Glenn Dale ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó bèèrè tèmi. Mo dúpẹ́.