Mẹ̀sì Tí Kì Í Kí Àgbà

Mo rántí ìgbà tí kò sí ohun tó wù mí láyé bí ìgbéraga. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Dahomey ni. Òyìnbó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ààyè ẹni tí ń wo ènìyàn bí ẹni wo kòkòrò sì ṣófo. Ní abúlé wa lápá Odòmẹ́ta, mẹ̀sì ló gba ààyè náà. Bí a ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn. Èmi ni olùkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ògiri kan ló sì pín yàrá wa.

Ṣòkòtò rẹ̀ funfun báláú, irin gbígbóná sì ti tẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Lójú ọ̀sán, ọmọlúàbí ni. Àmọ́ jẹ́ kí oòrùn wọ̀! Tó bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, á gbé àgbọ̀n sókè, á kọjá lára àwọn àgbà lábẹ́ igi bí ẹni pé òkúta ni wọ́n. Mo ní ọ̀làjú gidi nìyí. Ni èmi náà bá gbé àgbọ̀n sókè, mo kọjá lára ìyá mi bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ìyá mi fi ọmọrogùn kí mi.

Baálẹ̀, olórí abúlé wa, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ṣé àfojúdi ló máa kọ́ àwọn ọmọ wa ni? Mò ń lọ bá àwọn aláṣẹ ní Kétu. Kí wọ́n wá gbé e kúrò níbí!"

Mo sọ fún mẹ̀sì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ tààrà sídìí igi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀ pupa. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ má bínú sí mi."

Àpò àgbàdo tí ń dúró de ọkọ̀ ló ń bẹ̀. Àwọn àgbà jókòó sí apá kejì.

Mo pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, irú ìgbéraga tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá rí! Baálẹ̀ fi ìbínú dìde, ó dé iwájú rẹ̀. Ó ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú rẹ̀. Mẹ̀sì ò ṣẹ́jú.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "o ò rí mi?"

"Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mi ò rí nǹkan kan mọ́, bàbá. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n bá gbọ́. Mo ní kí ẹ kúkú máa pè mí ní agbéraga."

Àgbọ̀n tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe yẹn, ṣé ẹ rí i, mẹ̀sì ń gbé e sókè kó lè fi etí wá ọ̀nà ni.

Baálẹ̀ ò lọ sí Kétu mọ́. Ẹnu ọ̀nà wa ló ń wá ní ìrọ̀lẹ́. "Mẹ̀sì, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ o! Àbí o ò rí i ni?"

"Ẹ dìde, bàbá, ẹ̀wù yín á dọ̀tí!"

Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín. Inú yàrá ni mo ti máa ń gbọ́ wọn, mi ò jáde wò wọ́n rí. Irun mi ti ń funfun báyìí, síbẹ̀ mi ò lè sọ fún yín bóyá bàbá arúgbó yẹn dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́.