Fìlà Ìyá Aṣáájú

Mo ti jowú èèyàn púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi ni mo jowú jù. Ará Woolwich ní London níbí ni. Ó gba ẹ̀sìn Mọ́mọ́nì láyé àtijọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọlanke tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ la pápá àti òkè kọjá. Ó sin ọmọ kan sójú ọ̀nà. Ìyá aṣáájú là ń pè é; gbogbo oṣù keje ni ìjọ wa máa ń sọ ìtàn rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa nu ojú.

Èmi náà máa ń nu ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú nìkan. Mo máa ń ro ó pé ta ló máa sọ tèmi. Èmi nìkan ni mo dá wá sí Thamesmead, tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Nígbà tí mo kúrò ní ìjọ tí wọ́n bí mi sí, tí mo di Mọ́mọ́nì, ìyá mi pa fóònù mọ́ mi létí láti Abẹ́òkúta. Ó ní ṣé ìjọ tí ọkùnrin kan ń fẹ́ ìyàwó méje ni mo rí. Mo ṣàlàyé títí pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní òun ti gbọ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún gbàdúrà fún mi.

Tí oṣù keje bá ti dé, a máa ń rìn láti etídò ní Woolwich Dockyard dé Thamesmead, pẹ̀lú ọmọlanke onígi tí àwọn ọkùnrin ìjọ kàn. Obìnrin kan ló máa ń ṣe ìyá aṣáájú yẹn. Òun ló ń wọ aṣọ gígùn, tó ń dé fìlà aláṣọ tí wọ́n ń so lábẹ́ àgbọ̀n. Tí a bá dé òkè koríko tó gbẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣí fìlà wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí fọwọ́ kan nǹkan. Obìnrin yẹn ló máa fa ọmọlanke gun òkè. Tó bá débẹ̀, á sọ ìtàn ìyá aṣáájú, á sì fi ìtàn tirẹ̀ kún un. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kí n dúró lókè yẹn kí n sọ ohun tí èmi náà fà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n rán fìlà. Mo ra aṣọ funfun lọ́jà Beresford Square, mo wọn orí ara mi, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún irun dídì mi. Orí ta ni ǹ bá tún wọ̀n? Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ti kàn mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, olórí àwọn obìnrin ìjọ, òyìnbó oníwà tútù kan, bi mí níwájú gbogbo wa bóyá mo fẹ́ ṣe ìyá aṣáájú. Inú mi dùn ju kí n sọ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í na ọwọ́ gba nǹkan wàràwàrà. Mo tẹ orí ba, mo ní rárá o, mi ò tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Mo wá ń dúró kó bẹ̀ mí. Nílé, wọ́n á bẹ̀ ọ́ títí, ìwọ náà á wá ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn ló borí rẹ. Òyìnbó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì yíjú sí obìnrin tó jókòó tì mí. Onítọ̀hún ti ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó bèèrè tán.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹnu èmi náà ló pa mí. Èmi ni mo mú obìnrin yìí wá sí ìjọ! Auntie ni mò ń pè é, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ibi iṣẹ́ la ti pàdé, ọkọ̀ mi ni mo sì fi gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó jù mí lọ, ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bèèrè. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tó dé fìlà náà wò, ó bọ́ dé imú rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun dín in kù. Mo ní ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ma, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé e láyé àtijọ́.

Lọ́jọ́ ìrìn, oòrùn mú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń bèèrè bóyá fíìmù là ń yà. Gbogbo fóònù dojú kọ Auntie níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbé kúlà omi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́, bí ẹni pé òun gan-an ló la pápá Amẹ́ríkà kọjá. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

A dé òkè. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, gbogbo wa dákẹ́. Auntie fà á dé ìdajì, fìlà wá bò ó lójú pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára igi ọmọlanke, kò lè tì í sókè. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnikẹ́ni kò mira.

Mo gbé kúlà sílẹ̀, mo sá lọ bá a. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ilé ló gbé mi lọ ni tàbí owú. Mo gbé fìlà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo fìlà, ó wo irun mi.

"Orí ẹ lo fi wọ̀n ọ́n, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òyìnbó ti sọ èmi náà di òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ask o. Ṣé o fẹ́ fà á?"

Rárá ma ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Mo fẹ́, ma."

Ó tú okùn fìlà, ó dé e fún mi, ó sì so ó lábẹ́ àgbọ̀n mi bí ẹni ń múra fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ó bá mi mu rẹ́gí. Mo di igi náà mú. Ẹrù yẹn wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, koríko sì ń yọ̀. Òyìnbó oníwà tútù wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó rọra bèèrè bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan ràn mí lọ́wọ́.

Mo ní rárá. Ó dúpẹ́, ó sì padà sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni mo sọ.