Bí A Ṣe Gbé Kọ́ìlì Kúrò Lórí Páìpù Èéfín

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó kú ni.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Bí a bá gbéra ní Omifunfun láàárọ̀, á máa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, tí a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Odigbo, òkè kan wà níbẹ̀, orí ẹ̀ ló máa ń kú sí. Kò ní wúkọ́, kò ní janpata, á kàn dákẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló ń dùn wá jù, torí èmi àti obìnrin mẹ́ta mìíràn la jọ ń lọ sílé àdúrà nínú ẹ̀. A kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà, ọ̀dà títì á sì máa jó wa lẹ́sẹ̀, a ó sá bọ́ sínú koríko. Ibẹ̀ la ó ti kọrin, tí a ó gbọ́wọ́ lé ọkọ̀, tí a ó gbàdúrà. Bí a bá ṣe àmín tán, ọmọ mi ọkùnrin tó ń wà wá, bàbá ìwọ tí ò ń kọ ọ́ yìí, á ṣáná sí i, ọkọ̀ á dáhùn.

Ó wá di ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ mi nìkan la wà nínú ẹ̀, a ń ti oko bọ̀. Ó tún kú. Mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́, inú ló ń bí mi. Ọmọ mi ṣí iwájú ọkọ̀, mo bá a yọjú wò ó, mo sì ń fọwọ́ kan èyí, mo ń fọwọ́ kan ìyẹn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rí roboto bí agolo tòmátò kékeré, wáyà tó nípọn wà lórí ẹ̀. Ó jó mi lọ́wọ́. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi kòkó, mo jẹ àgbàdo sísun méjì. Nígbà tí mo padà fọwọ́ kan agolo yẹn, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ mi ṣáná sí i, ó dáhùn.

Mi ò sọ pé àdúrà kì í ṣiṣẹ́ o. Òun ló gbé mi dé ọjọ́ orí yìí. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé kí ló dé tí àkókò tí a fi ń gbàdúrà àti àkókò tí mo fi jẹ àgbàdo méjì fi jẹ́ bákan náà?

Ọmọ mi ò ro ti ìyẹn. Ó ní, "Màmá, bó bá tún kú sọ́nà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa pe àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin." Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Ọkọ̀ yẹn ló sì ń gbé mi lọ sóko, òun ló ń gbé epo mi lọ sí Ore. Bí wọ́n bá tà á, ọ̀kadà ló kù, orúnkún mi ò sì gba ọ̀kadà mọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹwáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe.

Rẹwáyà yẹn, Mùsùlùmí kan ni, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ní Ore ló wà. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń pe èyí tó jó mi lọ́wọ́?"

"Kọ́ìlì ni, Màmá. Òun ló ń sọ iná bátìrì di ńlá kí plọ́ọ̀gì tó lè ṣáná."

"Kí ló wá ń gbóná sí?"

Ó wo ọmọ mi. "Ṣé Màmá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?"

Ọmọ mi ní, "Ẹ dá wọn lóhùn o. Bí ẹ ò bá dá wọn lóhùn, ibí la máa sùn."

Rẹwáyà tú kọ́ìlì náà, ó mì ín sí mi létí. Kò dún. Ó mú òmíràn lórí pẹpẹ, ó mì ín, mo gbọ́ nǹkan tó ń mì nínú ẹ̀. Ó ní epo ni. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń fọ epo pupa láti kékeré, mi ò mọ̀ pé epo wà nínú nǹkan iná. Ó ní òun ló ń tù ú lára. Ẹni tó de tiwa mọ́bẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, epo ẹ̀ ti jò tán.

Ó kó méjì kalẹ̀, titun kan àti tòkunbọ̀ kan. Mo mú titun, torí ó ń dán.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Màmá. Kò lè gba iná bátìrì tààrà. Ó ní òkúta funfun kan tó yẹ kó máa dín iná kù fún un, wọ́n sì ti yọ ọ́ nínú ọkọ̀ yín." Ó fi ojú ihò tí wọ́n fi de òkúta náà tẹ́lẹ̀ hàn mí. "Tòkunbọ̀ yìí ò nílò òkúta."

Ó wá fẹ́ de tòkunbọ̀ náà síbi tí ti àtijọ́ wà. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ibẹ̀, páìpù èéfín ló gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní, "Ní ẹbu mi, níbi tí mo ti ń fọ epo, bí epo bá ti jinná, mo máa ń gbé e kúrò lẹ́bàá iná. Ìwọ fẹ́ gbé epo lé orí iná?"

"Ibẹ̀ ni mo bá a, Màmá."

"Gbé e síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé."

"Òjò á pa á níbẹ̀." Ó wò yíká. Ó ní ara ògiri ọkọ̀ lẹ́bàá bátìrì lè gbà á, àfi pé wáyà orí ẹ̀ ò ní gùn tó. Ó wá wáyà gígùn, ó lu ihò méjì, ó de kọ́ìlì mọ́ ọn ní òòró, orí ẹ̀ sókè.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún àwọn obìnrin yẹn nínú ọkọ̀. Ọ̀kan ní, "Ṣé rẹwáyà ló wá di wòlíì wa báyìí?" A rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń mú gan-an. Bí a ṣe rí òkè, wọ́n ti ń ká sùtánà wọn jọ, wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò. Ọkọ̀ gùn ún, ó gùn ún dé òkè pátápátá, kò dákẹ́.

Ọmọ mi fúnra ẹ̀ ló dúró lókè. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ́ìlì, kò sì gbé e kúrò. Ó pẹ́, kò jó o lọ́wọ́. Ó pa iwájú ọkọ̀ dé, ó rìn yí ọkọ̀ po, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún wò. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Màmá, táyà ẹ̀yìn méjèèjì yìí ti jẹ o. N ó wá òmíràn ní Ore lọ́sẹ̀ yìí."

Mo ní ó dáa. Mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ra irin mọ́.