Èépá Igi Obì àti Ewúrẹ́ Àmọ̀dá

Àmọ̀dá Àríyọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú Ìjù ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi yọ́ irin nílé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, ikọ́ ló mú bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, ó padà sídìí igi obì mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ra ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ó ní ohun tí òun ṣe fẹ́ràn wọn nìyẹn.

Ẹni tí kò fẹ́ràn ni Ṣàkírátù, obìnrin Ìwó tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan lórí ilẹ̀ ìdílé Àmọ̀dá. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń jà. Èéfín gàrí ń wọ yàrá Àmọ̀dá. Ewúrẹ́ Àmọ̀dá ń ti ẹnu bọ pákí Ṣàkírátù. Lọ́jọ́ kan, ó kígbe sí Àmọ̀dá, bàbá Fàlílù:

"Bàbá Fàlílù, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀! Bó bá tún kan pákí mi, òkú rẹ̀ lẹ ó gbé."

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló padà di wàhálà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí le. Ilé iṣẹ́ tuntun kan ti mọ ògiri yí igbó tí ẹran ń jẹ̀ ká. Ewúrẹ́ méje tí Àmọ̀dá ní rù kan eegun, aràn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ lóògùn fún irú èyí. Nǹkan kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi obì, ó gbẹ, ó rí bí èépá, ó funfun, ó tún fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Bàbá a ha ìwọ̀n orí èékánná kan, a fi iyọ̀ sí i, a fi fún ẹran. Àmọ̀dá ha igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Abọ́ ńlá kún. Ó korò, nítorí náà ó pò ó mọ́ èèpo pákí tí Ṣàkírátù dà nù, ó fi bọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó rò ni pé bí díẹ̀ bá wo ẹran sàn, púpọ̀ á tètè wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ wọn rọ. Márùn-ún dùbúlẹ̀, wọn ò dìde mọ́. Kò wá sí i lọ́kàn láti wo abọ́. Ó gbé òkú ewúrẹ́ kan lé èjìká, ó gbé e lọ síwájú Baálẹ̀.

"Ṣàkírátù fi òògùn eku sínú èèpo. Kó kó kúrò lórí ilẹ̀ mi!"

"Èmi? Ẹran tí ebi ti pa tán, tí atẹ́gùn ń gbé kiri?"

"Ẹ ò gbọ́ ẹnu rẹ̀?"

"Ẹnu ni mo ní, Bàbá Fàlílù. Mi ò ní májèlé."

Baálẹ̀ ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí àtíbàbà wó kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ibẹ̀ ni Ṣàkírátù àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti ń jẹ. Ṣàkírátù ní òun ò ní búra, kí wọ́n yẹ inú ẹran wò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Olúwayẹ́misí, ọmọ àdúgbò tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní yunifásítì kan l'Ọ́tà. Lọ́dún tó kọjá, ó wá bẹ Àmọ̀dá pé òun fẹ́ ha èépá igi yẹn lọ yẹ̀ wò. Àmọ̀dá lé e: "Ìwé ò tó ọ kà, o wá ń ka igi."

Lọ́jọ́bọ̀, Yẹ́misí gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ní ìyẹ̀fun lára kalẹ̀. Ó kán nǹkan mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: omi inú ẹran, òògùn eku, àti omi èépá. Ó ti rí i pé ẹnì kan ti ha igi obì mọ́ tónítóní, ó sì bu díẹ̀ lára èyí tó kù lókè. Ó gbé e dúró sínú ife tí òògùn olómi díẹ̀ tó ń yọ́ nǹkan wà. Omi ń gun gíláàsì, ó ń fa àmì kọ̀ọ̀kan lọ. Nígbà tó gbẹ, ó tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i. Àmì inú ẹran àti ti èépá dúró ní ibì kan náà. Ti òògùn eku dá wà nísàlẹ̀.

"Èépá ló wà nínú ẹran, kì í ṣe òògùn eku. Ó ní oró kíkorò, Bàbá. Díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Púpọ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́."

"Gírámà nìyẹn."

"Ẹ wò ó fúnra yín."

Àmọ̀dá wò ó. Àwọ̀ ló fi ń mọ irin tó ti yọ́ àti èyí tí kò tíì yọ́, fún ọdún méjìlélógún. Àwọ̀ kì í purọ́ fún un.

Baálẹ̀ ní, "Ewúrẹ́ kì í gun obì. Ta ló ha á?"

Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń ha á. Ì bá dákẹ́, wọn ì bá ní Ṣàkírátù ló ha á, àtíbàbà ì bá wó. Ó tutọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni. Òògùn bàbá mi ni."

"Abọ́ kíkún ni bàbá yín ń lò?" Ṣàkírátù bi í.

Àmọ̀dá fi ẹsẹ̀ pa itọ́ náà rẹ́.

"Bẹ̀ ẹ́," Baálẹ̀ ní.

"Mo bẹ̀ ọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun.

"Mo gbọ́. Mi ò gbà. Ojú ọmọ-ọmọ mi lẹ ti pè mí ní apani. Ẹ lọ bẹ àwọn náà."

"Ọmọdé?"

"Ọmọdé."

Àmọ̀dá dìde, ó jáde. Ó da ìyókù èépá sí ṣalángá, ó gbé omi fún ewúrẹ́ méjì tó kù. Kò bẹ ọmọdé kankan. Àtíbàbà kò wó. Láti ìgbà náà, òun àti Ṣàkírátù ò tíì kí ara wọn.