Sàlámátù, Ògbufọ̀ Ẹnu Ilẹ̀kùn

Sàlámátù, ó wá di ìgbà wo báyìí? Ta ni kí n bi? Ìwọ ni mo máa ń bi ní ohunkóhun tí kò bá yé mi ní ìlú Wagadúgù yìí, ìwọ gan-an ni kò wá yé mi jù, o sì ti lọ.

Sàlámátù Àdùkẹ́, ọmọ Nàgó Ṣábẹ̀ẹ́ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Mọ́sì. Arẹwà tí a bí ní àdúgbò Hamdalaye, tí ó gbọ́ èdè baba, tí ó gbọ́ èdè ìyá, tí ilé ìwé sì fi Faransé kún un fún un. Iyì ilé mi. Obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í pariwo, tí kì í jẹ́ kí àlejò dá oúnjẹ jẹ. Àwọn ọmọ ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ sínú ìwé àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í. Ohun tí mo mọ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni n ó kọ, kí ẹni tí ó bá yé là á yé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wá dáadáa, aránṣọ ni mí ní àdúgbò Paspanga. Kétu ni mo ti wá. Faransé tí mo kọ́ ní kékeré kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sọ ọ́, mo ń gbọ́. Mòré, èdè àwọn Mọ́sì, tèmi ti ọjà ni. Mo lè fi wọn ara oníbàárà, mo lè fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá lọ́la, mo lè fi dúpẹ́ pé barka bí ó bá gba aṣọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn. Bí wọ́n bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, apá kan ni mo ń gbọ́, mo máa ń fi ojú wá ìyókù. Sàlámátù ń ta abọ́ tánganran ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ni a jọ ń wà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ààrẹ ti pẹ́ lórí oyè nígbà náà. Ní àwọn ọdún tí ó kọ́kọ́ gba ìjọba, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìlú á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, a rí i tí wọ́n ń ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n ní kí ará ìlú wá gbọ́, kí wọ́n sì wá béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Kò yé wa bóyá wọ́n fún wa láyè ni, tàbí wọ́n kàn fẹ́ mọ ẹni tí yóò béèrè. Músíé Ísúfù, olùkọ́ ilé ìwé kan tí mo ń rán aṣọ fún, ni ó ń darí ìjíròrò ní gbọ̀ngàn tó wà nítòsí wa. Ó ní kí n máa wá. Mo ní àlejò ni mí, n kò lè dìbò. Ó ní kò sí ẹni tí yóò béèrè káàdì lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ, ó sì wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn láti rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ kóòtù, tí Faransé ń ṣàn lẹ́nu wọn bí omi ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti parí gbólóhùn kan dáadáa, mo máa ń pàtẹ́wọ́.

Sátidé kan ni ìwọ wá pè mí níbẹ̀, pé oníbàárà kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá kún ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n ń wo inú gbọ̀ngàn, wọn kò gbọ́ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn fà ọ́ láṣọ, ó ní, "Kí ni ọkùnrin yẹn ń wí?" O dúró, o sọ fún wọn ní Mòré. Wọ́n tún bi ọ́, o tún sọ. Oníbàárà wa dúró títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, o ti múra kí èmi tó múra. Láìpẹ́, Músíé Ísúfù gbé àga sí ẹnu ilẹ̀kùn fún ọ. Nígbà tí àwọn obìnrin ń pọ̀ sí i, ó gbé bẹ́ńṣì fún àwọn náà. Ó fẹ́ fún ọ ní míkírò tí ń gbé ohùn sókè, o ní o kò fẹ́, pé àwọn tí ń gbọ́ tìrẹ kò jìnnà sí ọ. Ògbufọ̀ tí kò kánjú. O máa ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, o máa ń di ojú kan, o máa ń jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ parí pátápátá kí o tó yíjú sí àwọn obìnrin rẹ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ rẹ àti ti ẹni tí ò ń tú kì í gùn bákan náà. Ọkùnrin kan á sọ̀rọ̀ títí òógùn á fi bò ó, ìwọ á sọ gbólóhùn kan péré, àwọn obìnrin á mi orí. Òmíràn á sọ díẹ̀, á jókòó, ìwọ á bẹ̀rẹ̀, o kò ní tètè dákẹ́. Nígbà tí a ń lọ sílé lórí moto, alùpùpù mi, mo bi ọ́ pé ṣé gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí nìyẹn.

O ní, "Ìyókù, atẹ́gùn ni."

"Ẹni kejì ńkọ́?"

"Èyí tí ó gbé mì ni mo bá a sọ."

Mo rò pé àwàdà ni. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ọjọ́ tí ó di wàhálà ni ọjọ́ tí ọkùnrin kan wá láti bíró, ọ́fíìsì ìjọba tí ń pín ilẹ̀. Àwọn obìnrin ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní ìkangun àdúgbò Tampouy, nínú ilé alámọ̀ tí ìjọba kò tíì fún wọn níwèé rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ Faransé tó dùn. Ó ní kí àwọn ará ibẹ̀ fọkàn balẹ̀. Ó ní ìjọba ń ro ọ̀rọ̀ wọn, ìpele ìpele ni wọn yóò máa gbé e, a kò ní gbàgbé ẹnikẹ́ni. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwọ yíjú sí àwọn obìnrin. Bí Mòré mi kò bá ṣì mí lọ́nà, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ ni, "Ó ní kí ẹ máa kó ẹrù yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú páànù."

Àwọn obìnrin dìde. Pókò, tí ń ta ẹ̀pà, na ọwọ́ sókè, ó béèrè pé nígbà wo ni kí àwọn kó ẹrù kúrò. Músíé Ísúfù tú ìbéèrè náà sí Faransé. Ọkùnrin bíró wò ó, ó wò wá, ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n kó ẹrù?" Gbogbo orí yí sí ẹnu ilẹ̀kùn.

Músíé Ísúfù ní, "Màmá, kí ni ẹ sọ fún wọn?"

O ní, "Ohun tí ó sọ ni mo sọ."

Wọ́n ní kí ọkùnrin náà tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Wọ́n ní kí ìwọ náà tún un tú. O tún un tú, ìwọ náà kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì wá pín sí méjì. Àwọn kan ní ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Àwọn kan ní kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹnì kan rántí pé ọkọ rẹ wà níjòókòó, wọ́n ní kí n dìde sọ ohun tí mo gbọ́. Mo dìde. Mo wò ọ́. O ń wò mí bí ẹni pé ìwọ náà fẹ́ mọ̀. Mo ní Mòré mi kò tó, mo jókòó.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin méjì fi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn kò mú aṣọ wá. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó rẹ, ẹ̀yìn ta ló wà?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ìwọ ọkọ rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Wọ́n ní kí o wá sí bíró àwọn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo gbé ọ lọ, mo dúró ti moto nínú oòrùn, mo ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Nígbà tí o jáde, ojú rẹ rí bí ìgbà tí o bá ra tòmátì bọ̀ lọ́jà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní Mòré mi dára. Wọ́n fẹ́ kí n máa tú ọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ Ààrẹ."

"Kí ni o sọ?"

"Mo ní dákọ̀, pé mo gbà."

Àwọn ará gbọ̀ngàn ní ẹgbẹ́ Ààrẹ ti fi owó rà ọ́. Músíé Ísúfù gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Nígbà tó yá, ó tún kó wọn padà wá fún mi, kò sì sọ ìdí. Mo tẹ̀lé ọ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń yin Ààrẹ nítorí ọ̀nà tí ó ṣe. O tú u. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín níbi tí n kò rí ohun ẹ̀rín. Inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dùn, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo bi Pókò lẹ́yìn náà pé kí ni o sọ. Ó ní, "Ohun tí bàbá yẹn sọ ni ó sọ fún wa." Wọ́n tún pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì dẹ́kun pípè. N kò mọ ìdí rẹ̀. O padà sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ, kò sí ẹni tí ó gba àga náà lọ́wọ́ rẹ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, katakata tí ń wó ilé dé ìkangun Tampouy. Apá kan ọ̀nà ni ó dé. Pókò ti tú páànù rẹ̀ àti ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, ó kó wọn sórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó rí òrùlé kọ́ síbòmíràn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n fọkàn balẹ̀ pàdánù tiwọn. Ṣùgbọ́n ní apá kejì ọ̀nà, níbi tí Tẹ́né tí ń ta omi ń gbé, katakata kò dé. Títí di òní kò dé. Tẹ́né sì ti tú páànù tirẹ̀ náà. Òjò rọ̀ sórí ògiri amọ̀, ògiri wó. O lọ bá a po amọ̀, o bá a ṣe bíríkì títí ó fi parí yàrá rẹ̀. Mo gbà pé ìwọ yóò bẹ̀ ẹ́, tàbí kí o ṣàlàyé. O kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, ó ń bú ọ, o ń bu oúnjẹ fún un.

Alágbára ọkàn. Afọwọ́-ara-ẹni-ṣe-é. Nígbà tí àìsàn tó mú ọ lọ yìí dá ọ dúró, a jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, mo rò pé bí n kò bá béèrè nísinsìnyí, n kò ní lè béèrè mọ́. Mo ní, "Sàlámátù, ní tòótọ́, ṣé o gbọ́ 'ẹ kó ẹrù yín' lẹ́nu ọkùnrin bíró yẹn?"

O wò mí dáadáa. O ní, "Ìwọ ńkọ́, Bàbá Rísí? Inú gbọ̀ngàn ni ìwọ wà. Kí ni o gbọ́?"

Mo wá a nínú ara mi. Mo rántí kóòtù rẹ̀. Mo rántí pé Faransé rẹ̀ dùn. Mo rántí pé mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "N kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́."

O ní, "Èmi rántí." O sì ní kí n bá ọ bó ọsàn.

Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Rísíkátù ọmọ wa ní, "Pápà, mílítáńtì, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìlú, ni Màmá, ẹ̀yin ni ẹ kò rí i." Àbúrò rẹ̀ ní rárá, ní ìpàdé ẹgbẹ́ Ààrẹ ni òun ti rí ọ. Pókò àti Tẹ́né wá kí mi lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jókòó sórí ẹní kan. Pókò ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni ó jẹ́ kí òun ní òrùlé lórí. Tẹ́né ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kan náà ni ó já òrùlé òun. Àwọn méjèèjì sunkún bákan náà. N kò mọ ẹni tí mo lè bá sọ pé ó jàre. Mo bu omi fún wọn.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà nílùú báyìí ni ti òfin tó ní olórí kò gbọdọ̀ kọjá iye ìgbà tí a dá fún un lórí oyè. Wọ́n fẹ́ yí i padà kí Ààrẹ lè tún pẹ́ sí i. Músíé Ísúfù ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ní Sátidé tó ń bọ̀ gbọ̀ngàn yóò kún. Àwọn obìnrin rẹ wá bi mí pé ta ni yóò jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní wọ́n lè rí ọmọ ilé ìwé kan. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọmọ ilé ìwé. Pókò ní kí n wá, kí n sọ bí mo bá ṣe gbọ́ ọ, àwọn yóò tún Mòré rẹ̀ ṣe fúnra wọn. N kò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ̀rù Mòré kọ́ ló ń bà mí, ẹ̀rù ohun tí n óò sọ pé mo gbọ́ ni.

Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó fi Alujánnà ṣe ilé rẹ. Sinmi ẹnu rẹ tó ti ṣe làálàá fún ẹlòmíràn. Sùn re o, Sàlámátù mi, sùn ire.

Ọkọ rẹ, Bàbá Rísíkátù, aránṣọ Paspanga.